Kí O Tó Kọ Lẹ́tà sí Olùwádìí Ọpọlọ: Bí A Ṣe Ń Yẹ Iṣẹ́ Rẹ̀ Wò

Ṣọ́ọ̀bù fọ́tókópì mi ò jìnnà sí ọjà Ouando níbí ní Àjàṣẹ́, Porto-Novo ti ilẹ̀ Benin. Àwọn ọmọ tó ń kẹ́kọ̀ọ́ ìṣirò àti físíìsì ní Dangbo máa ń yà sọ́dọ̀ mi wá tẹ ìwé. Ọmọ Kétu ni mí, èmi náà ka ìṣirò dé másítà kí n tó jókòó ti ẹ̀rọ ìtẹ̀wé, nítorí náà tí wọ́n bá ní, "Tàńtí, ẹ bá mi tẹ lẹ́tà yìí," màá kà á kí n tó tẹ̀ ẹ́. Lẹ́tà sí ọ̀jọ̀gbọ́n ní Paris, lẹ́tà sí Jámánì, lẹ́tà sí Amẹ́ríkà, pé kí wọ́n gbà wọ́n fún ìwádìí oyè dókítà. Gbólóhùn kan ò wọ́n nínú gbogbo wọn: "Iṣẹ́ ìwádìí yín tó lókìkí káríayé wú mi lórí púpọ̀." Màá bi wọ́n pé iṣẹ́ wo? Kẹ́kẹ́ á pa mọ́ wọn lẹ́nu. Ẹlòmíràn á ní, "Tàńtí, h-index rẹ̀ ju ọgọ́ta lọ," ìyẹn òǹkà tí wọ́n fi ń díwọ̀n bí àwọn ẹlòmíràn ṣe ń tọ́ka sí iṣẹ́ olùwádìí. Ó dáa. Kí ló wá ṣe?

Bí o ṣe máa rí ìdáhùn sí ìbéèrè yẹn ni mo fẹ́ kọ síhìn-ín. Àwọn tó ń fi ìṣirò àti kọ̀ǹpútà wádìí ọpọlọ ni màá fi ṣe àpẹẹrẹ, torí ọ̀dọ̀ wọn ni ọmọ tó gbọ́ físíìsì dáadáa ti lè tètè rí àyè. Ọ̀pọ̀ nínú wọn kì í ṣe dókítà oníṣègùn. Larry Abbott tiẹ̀ jẹ́ onímọ̀ físíìsì àwọn èérún tín-ín-tìn-tín kí ó tó yà sídìí ọpọlọ. Ní 2024, òun pẹ̀lú Terrence Sejnowski àti Haim Sompolinsky ni wọ́n jọ gba Brain Prize, ẹ̀bùn ńlá fún ìwádìí ọpọlọ. Ọdún 1985 ni Eric Schwartz pe ìpàdé kan ní Carmel, ní California, tí orúkọ iṣẹ́ yìí, computational neuroscience, fi tàn kálẹ̀, ṣùgbọ́n iṣẹ́ náà ti pẹ́ ju orúkọ rẹ̀ lọ. Louis Lapicque, ará Faransé, ti kọ tirẹ̀ ní 1907, ní èdè Faransé tí ọmọ lísé wa lè kà. Orí èrò rẹ̀ ni wọ́n kọ́ mọ́dẹ́ẹ̀lì tí a ṣì ń fi kọ́ni lónìí lé: ara sẹ́ẹ̀lì ń gba iná jọ, díẹ̀ ń jò dànù, tó bá sì dé ìwọ̀n kan, sẹ́ẹ̀lì á ta.

Kọ́kọ́ kó àkọsílẹ̀ ẹni náà jọ. Orúkọ nìkan ò tó. Bí Adéyẹmí ṣe pọ̀ láàárín wa ni Wang àti Martin pọ̀ lọ́dọ̀ àwọn ẹlòmíràn, tí íntánẹ́ẹ̀tì á sì da iṣẹ́ èèyàn mẹ́ta pọ̀ mọ́ ẹyọ kan. Wá nọ́ńbà ìdánimọ̀ rẹ̀ tí wọ́n ń pè ní ORCID, èyí tó ní àmì 16, tí àwọn olùwádìí ti ń gbà láti 2012. Lẹ́yìn ìyẹn, wo Google Scholar, kí o sì wo PubMed, àwọn ojú-ewé tí a ti ń wá àpilẹ̀kọ ìmọ̀. Má gba ẹ̀rí ọ̀kan ṣoṣo gbọ́. Ìdí iṣẹ́ ìṣègùn àti ohun ẹlẹ́mìí ni PubMed fìdí sí. Àpilẹ̀kọ tí olùwádìí ọpọlọ kà ní ìpàdé àwọn oníkọ̀ǹpútà bíi NeurIPS kì í sábà sí níbẹ̀. Google Scholar ní tirẹ̀ ń kó tọ́mọ-tàgbà, títí kan ohun tí ẹnikẹ́ni ò yẹ̀ wò. Iṣẹ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde máa ń wà lórí arXiv tàbí bioRxiv kí ó tó dé inú ìwé ìròyìn ìmọ̀. Méjèèjì yìí ò gbowó lọ́wọ́ òǹkàwé, ìyẹn sì ni mo fi fẹ́ràn wọn. Tí àpilẹ̀kọ kan bá wà lẹ́yìn ìlẹ̀kùn olówó, kọ ímeèlì kúkúrú sí ẹni tó kọ ọ́ pé kí ó fi PDF rẹ̀ ránṣẹ́. Ọ̀pọ̀ nínú wọn á fi ránṣẹ́, inú wọn á tiẹ̀ dùn.

Bí orúkọ ṣe tò lórí àpilẹ̀kọ ní ìtumọ̀. Nínú ìmọ̀ ọpọlọ, ẹni àkọ́kọ́ ló sábà ń ṣe iṣẹ́ ọwọ́ gan-an, ẹni ìkẹyìn sì ni olórí láàbù. Àwọn onímọ̀ ìṣirò ponbele ń tò ó ní a-b-d ni tiwọn. Wo ibi tí orúkọ ẹni tó o fẹ́ kọ̀wé sí ń bọ́ sí bí ọdún ṣe ń gorí ọdún: níwájú nígbà tó wà lọ́mọdé, lẹ́yìn nígbà tó di ọ̀gá. Tí orúkọ rẹ̀ bá ń wà ní àárín ṣáá, nínú èèyàn ogún, alájọṣe ni. Ìyẹn náà dára, ṣùgbọ́n òun kọ́ ló ni ìbéèrè náà.

Wàyí o, h-index tí ẹ ń pariwo. Jorge Hirsch, onímọ̀ físíìsì ní California, ló gbé e jáde ní 2005. Mú bébà. To àwọn àpilẹ̀kọ ẹni náà láti orí èyí tí wọ́n tọ́ka sí jù lọ wá sílẹ̀. Ká ní mẹ́jọ ni wọ́n, tí iye ìtọ́ka wọn sì jẹ́ 50, 20, 9, 6, 5, 5, 2, 1. Máa kà á bọ̀, kí o máa wò ó bóyá iye ìtọ́ka àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tó nọ́ńbà ipò tó wà: ẹlẹ́ẹ̀kẹrin ní 6, ó ju 4 lọ, ó wọlé. Ẹlẹ́ẹ̀karùn-ún ní 5 géérégé, ó wọlé. Ẹlẹ́ẹ̀kẹfà ní 5, kò tó 6. Dúró níbẹ̀. H-index ẹni náà jẹ́ 5. Ó yá, pa 50 yẹn rẹ́, kọ 5,000 sí ipò rẹ̀, kí o tún un ṣírò. Ó ṣì jẹ́ 5! Àpilẹ̀kọ tó yí ojú ìwòye gbogbo ayé padà àti èyí tí èèyàn àádọ́ta ṣẹ̀ṣẹ̀ rí, ọ̀kan náà ni wọ́n lójú òǹkà yìí.

Ìdí nìyẹn tí mi ò fi jẹ́ kí ọmọ kankan kọ ọ́ sínú lẹ́tà níwájú mi. Ó ń gbe àgbà ju ọmọdé lọ, torí ìtọ́ka kì í dínkù, ńṣe ló ń pọ̀ sí i, bí èèyàn tiẹ̀ ti fẹ̀yìn tì. Kò sì ṣeé fi wé ara wọn láti ẹ̀ka ìmọ̀ kan sí òmíràn. Onímọ̀ ìṣirò ponbele lè fi ìtọ́ka díẹ̀ jẹ́ ọ̀gá nídìí iṣẹ́ rẹ̀. David Marr kú ní 1980, ẹni ọdún 35. Àbá rẹ̀ lórí bí ọpọlọ kékeré tó wà ní ìpàkọ́ wa ṣe ń kọ́ ìrìn àti ìṣọwọ́ṣe jáde ní 1969, ìwé rẹ̀ lórí ìríran sì jáde ní 1982 nígbà tó ti kú. Iṣẹ́ rẹ̀ ò pọ̀ rárá tá a bá kà á ní ẹyọ-ẹyọ, síbẹ̀ títí dòní àwọn èèyàn ń bá a jiyàn bí ẹni pé ó wà láyé. Tún wo Karl Friston ní London. Ìtọ́ka rẹ̀ pọ̀ bí omi òjò, ṣùgbọ́n apá kan rẹ̀ wá láti ara SPM, ètò kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń ya àwòrán ọpọlọ ń lò. Ẹni tó bá lò ó ń tọ́ka sí i. Irinṣẹ́ tó dára bẹ́ẹ̀ yẹ ní ìyìn, ṣùgbọ́n tí àbá rẹ̀ lórí bí ọpọlọ ṣe ń ronú ni ìwọ ń wá, àwọn àpilẹ̀kọ mìíràn ni kí o ṣí. Àwọn olùwádìí fúnra wọn ti kígbe lórí ọ̀rọ̀ yìí. Ìkéde tí wọ́n ṣe ní San Francisco ní 2012, tí wọ́n ń pè ní DORA, ló ní kí a yéé fi òǹkà ìwé ìròyìn díwọ̀n iṣẹ́ èèyàn.

Kí wá ni kí o ṣe? Mú àpilẹ̀kọ kan ṣoṣo, kí o tọ ipa rẹ̀.

Lórí Google Scholar, ìlà kan wà lábẹ́ àpilẹ̀kọ kọ̀ọ̀kan tó ń sọ "Cité … fois" pẹ̀lú òǹkà láàárín. Tẹ̀ ẹ́. Má wo òǹkà náà, ṣí àwọn àpilẹ̀kọ tó wà nínú rẹ̀, díẹ̀ nínú ti àtijọ́, díẹ̀ nínú ti ọdún yìí, kí o wá gbólóhùn tí wọ́n ti dárúkọ ẹni rẹ nínú wọn. Ibẹ̀ lo ti máa rí i pé ìtọ́ka kì í ṣe oríṣi kan. Èyí tó pọ̀ jù ni èyí tí kò ní nǹkan kan nínú, tí òǹkọ̀wé kàn ń dárúkọ àwọn àgbà nínú ìfáárà bí onílù ṣe ń ki gbogbo ẹni tó bá wọ òde àríyá. Òmíràn ń bá ẹni náà jà: ó ní àbá rẹ̀ ò rí bẹ́ẹ̀ nínú ẹranko tí òun wò. Má fojú kékeré wo ìyẹn. Ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ ò já mọ́ nǹkan, ta ló máa lo ọdún mẹ́ta láti ta kò ó? Èyí tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọ fi báírò pupa fà sábẹ́ ni ìtọ́ka tí ẹlòmíràn ti gbé iṣẹ́ náà ṣe nǹkan: ó gba ìdọ́gba rẹ̀, tàbí kóòdù rẹ̀, tàbí ọ̀nà ìwọ̀n rẹ̀, ó sì fi débi tí ẹni àkọ́kọ́ ò dé.

Ìdí iṣẹ́ Alan Hodgkin àti Andrew Huxley ni mo fi ń kọ́ wọn láti rí i. Ẹranko òkun kan wà tí kò léegun, squid ni wọ́n ń pè é, tí okùn iṣan rẹ̀ kan fẹ̀ débi pé ojú lásán rí i. Inú okùn yìí ni àwọn méjèèjì ti wọn iná, ní Plymouth ní etíkun ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì. Wọ́n rí i pé sódíọ̀mù ló ń sáré wọlé tí iná fi ń gòkè, pọtásíọ̀mù ló sì ń jáde tó fi ń wálẹ̀. Ní 1952 wọ́n fi ìdọ́gba mẹ́rin kọ gbogbo rẹ̀ sílẹ̀. Huxley fẹ́ ṣírò àwọn ìdọ́gba náà lórí kọ̀ǹpútà ìnífásítì Cambridge, àṣé wọ́n ti tú u palẹ̀ fún àtúnṣe olóṣù mẹ́fà. Ó bá jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò Brunsviga tí wọ́n ń fọwọ́ yí, ó sì fi yí i títí ìlà iná náà fi jáde bó ṣe rí lára squid. Nítorí náà, ẹ má sọ fún mi pé kọ̀ǹpútà yín ti gbó. Ní 1963 wọ́n fún àwọn méjèèjì pẹ̀lú John Eccles ní ẹ̀bùn Nobel. Tọ ipa náà lọ síwájú: ní 1961, FitzHugh dín ìdọ́gba mẹ́rin kù sí méjì kí a lè rí i lórí bébà; ní 1962, Nagumo àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Japan fi wáyà àti èròjà iná kọ́ èyí tó ṣeé fọwọ́ kàn. Ìyẹn ni kí o máa wá. Ẹnì kan ṣe nǹkan, ẹlòmíràn gbé e, ó sì bí òmíràn.

Lẹ́yìn èyí, gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì náà sórí kọ̀ǹpútà tìrẹ. Nínú ẹ̀ka ìmọ̀ yìí, kò sí àwáwí, torí kì í ṣe eku lo fẹ́ rà. Àkójọ kan wà ní ìnífásítì Yale tó ń jẹ́ ModelDB, níbi tí àwọn olùwádìí ń fi kóòdù mọ́dẹ́ẹ̀lì wọn sí fún ẹnikẹ́ni. Àwọn ètò kọ̀ǹpútà tí a fi ń gbé irú mọ́dẹ́ẹ̀lì bẹ́ẹ̀ ṣiṣẹ́, bíi NEURON, NEST àti Brian, wà lọ́fẹ̀ẹ́. Brian ni mo fi ń bẹ̀rẹ̀, torí èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n ń pè ní Python ló fi ń sọ̀rọ̀, bó o sì ṣe kọ ìdọ́gba sínú ìwé àkọsílẹ̀ rẹ lo ṣe máa kọ ọ́ síbẹ̀; Dan Goodman àti Romain Brette ló bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ ní Paris. Tí ẹ̀rọ rẹ ò bá gbà á, Google Colab á bá ọ ṣe é láti ojú-ewé íntánẹ́ẹ̀tì. Dátà ló máa jẹ, kì í jẹ ju fídíò tí ẹ ń wò lálẹ́ lọ.

Ṣe báyìí. Kọ ìdọ́gba Hodgkin àti Huxley sí i: agbára sódíọ̀mù láti gbé iná kọjá (conductance) 120, ti pọtásíọ̀mù 36, ti jíjò 0.3, gbogbo rẹ̀ ní mS lórí sẹ̀ǹtímítà onígun mẹ́rin kan. Jẹ́ kí sẹ́ẹ̀lì náà sinmi ní nǹkan bíi −65 mV. Rọ iná 1 µA sí i lórí ìwọ̀n ààyè kan náà. Ìlà náà á kàn gbọ̀n díẹ̀, á sì rọlẹ̀. Sọ 1 di 10. Ìlà á ta sókè kọjá òdo, á já wálẹ̀ kọjá ibi tó ti ń sinmi, á tún ta, á tún ta, níwọ̀n ìgbà tí iná bá ṣì ń wọlé. Sọ 120 ti sódíọ̀mù di 0: kò ní ta mọ́ láéláé. Ọmọkùnrin kan láti Ṣábẹ wo èyí lórí kọ̀ǹpútà mi níbi tó ti ń dúró de fọ́tókópì rẹ̀, ó ní, "Tàńtí, ṣé bí oògùn tí wọ́n ń fún èèyàn níbi eyín ṣe ń ṣiṣẹ́ nìyẹn?" Bẹ́ẹ̀ ni. Oògùn tó ń pa ìmọ̀lára bíi lidocaine, ọ̀nà tí sódíọ̀mù ń gbà wọ sẹ́ẹ̀lì ló ń dí. Ìbéèrè yẹn sàn ju gbogbo lẹ́tà tó kọ lọ, mo sì sọ bẹ́ẹ̀ fún un.

Ní báyìí, ṣe irú rẹ̀ sí mọ́dẹ́ẹ̀lì ẹni tó o fẹ́ kọ̀wé sí. Tí kóòdù rẹ̀ bá wà níta, tó ń ṣiṣẹ́, tí àlàyé sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, o ti mọ nǹkan kan nípa láàbù rẹ̀ tí h-index ò ní sọ fún ọ. Tí o bá wá a títí tí o ò rí i, èyí náà sọ̀rọ̀.

Ọ̀rọ̀ nípa bí iṣẹ́ rẹ̀ ṣe rìn láti ọdún dé ọdún ò pọ̀ lẹ́nu mi, àfi pé kí o kọ ìbéèrè rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ ọdún, má kọ iye àpilẹ̀kọ. Eve Marder ní ìnífásítì Brandeis ti lo ọ̀pọ̀ ọdún lórí àkójọ sẹ́ẹ̀lì bí ọgbọ̀n péré tó ń darí àpò oúnjẹ inú ikùn akàn àti ọ̀kàṣà òkun. Ẹni tí kò mọ̀dí ọ̀rọ̀ á ní ṣé akàn nìkan ló mọ̀ ni. Ṣùgbọ́n torí pé sẹ́ẹ̀lì náà kéré níye ni wọ́n fi lè mọ ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ibẹ̀ ni òun, Abbott àti àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn ti gbé dynamic clamp jáde ní 1993: kọ̀ǹpútà ń wọn iná sẹ́ẹ̀lì tòótọ́, ó ń ṣírò iye tí ọ̀nà kan tí kò sí lára rẹ̀ ìbá mú wọlé, ó sì ń rọ ọ́ sí i lójú ẹsẹ̀. Ibẹ̀ náà ni Astrid Prinz, Dirk Bucher àti òun ti gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì sẹ́ẹ̀lì mẹ́ta yẹ̀ wò ní 2004 ní oríṣi tó ju mílíọ̀nù 20 lọ, tí wọ́n sì rí i pé àwọn tí òǹkà wọn jìnnà síra gan-an lè lu ìlù kan náà. Láti ìgbà náà, ẹni tó bá mú òǹkà kan ṣoṣo wá pé òun ti rí bí ọpọlọ ṣe rí, ó ní ìbéèrè láti dáhùn.

Orúkọ Prinz ló ṣáájú lórí àpilẹ̀kọ yẹn; ó lọ dá láàbù tirẹ̀ sílẹ̀ ní ìnífásítì Emory. Wá irú èyí fún ẹni rẹ. Ojú-ewé kan wà tó ń jẹ́ Neurotree tó ń fi hàn ta ló tọ́ ta dàgbà nínú ìmọ̀ ọpọlọ. Wo àwọn tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀: níbo ni wọ́n wà, kí ni wọ́n ń ṣe, ṣé orúkọ tiwọn ló ń ṣáájú ni àbí tirẹ̀ nìkan? Kọ̀wé sí ọ̀kan nínú wọn, pàápàá ẹni tó ti kúrò. Wọ́n á sọ fún ọ bóyá ọ̀gá náà ń dáhùn ímeèlì, bóyá ó ń jẹ́ kí ọmọ rẹ̀ lọ sí ìpàdé. Lójú tèmi, èyí ló ṣe pàtàkì jù fún ọmọ tó ń ti Àjàṣẹ́ lọ síbi tí kò ti mọ ẹnì kan.

Gẹ̀ẹ́sì ló pọ̀ jù nínú àwọn àpilẹ̀kọ wọ̀nyí. Ẹ̀yin ọmọ Kétu tẹ́ ẹ ní ìbátan ní Ìmẹ̀kọ lódì kejì ààlà, ẹ ti ní olùkọ́ ọ̀fẹ́. Kí ẹ̀yin yòókù bẹ̀rẹ̀ láti ara àwòrán àti ìdọ́gba, kí ẹ tó ka ọ̀rọ̀. Ẹ̀kọ́ Neuromatch wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì láti 2020, ìwé àti fídíò wọn ò gbowó. Imbizo sì wà ní Cape Town, ilé-ẹ̀kọ́ ìmọ̀ yìí gan-an tó bẹ̀rẹ̀ ní 2017. Tẹ́ ẹ bá ti gba ọ̀kan nínú wọn kọjá, ẹ dárúkọ rẹ̀.

Lẹ́tà gan-an ò ní gùn. "Ọ̀jọ̀gbọ́n" àti orúkọ bàbá rẹ̀ tó láti kí i. A mọ ìdọ̀bálẹ̀ ṣe nílé wa, mo mọ̀, ṣùgbọ́n ẹ̀ẹ̀kan tó nínú lẹ́tà kan. Lẹ́yìn ìkíni, bọ́ sórí ọ̀rọ̀: "Mo gbé mọ́dẹ́ẹ̀lì inú àpilẹ̀kọ yín yìí sórí kọ̀ǹpútà mi. Bí mo bá dín agbára pọtásíọ̀mù kù díẹ̀, ìlù rẹ̀ ń yára, bí ẹ ṣe kọ ọ́. Ṣùgbọ́n bí mo bá dín in sí ìdajì, ó dákẹ́. Ṣé ẹ retí èyí?" Fi àwòrán ohun tó o rí sí i, ẹyọ kan. Sọ ẹni tó o jẹ́ ní ìlà méjì, sọ ohun tó o ń wá ní ìlà kan. Tí ọ̀sẹ̀ méjì bá kọjá tí kò fèsì, rán an létí lẹ́ẹ̀kan. Tó bá tún dákẹ́, kọ̀wé sí ẹlòmíràn.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ìwé tẹ́ ẹ máa so mọ́ ọn jẹ́ PDF tó ní orúkọ yín lórí. "CV_final_final3" ni mo ń rí lórí fláàṣì gbogbo yín.